Ìjà Tó Wúwo

Bí ènìyàn bá ṣubú nínú fíìmù ìjà, bó ṣe máa dìde ni mo máa ń wò. Ẹni tí wọ́n gbé lu ògiri, tí ògiri fọ́, tó sì dìde láì mí hẹlẹ, tí aṣọ rẹ̀ ò rún, tí irun rẹ̀ ò yẹ̀, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lù ú. Kọ̀ǹpútà ló ya ògiri, kọ̀ǹpútà náà ló fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ fi orúnkún kan gúnlẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀, tó mí kanlẹ̀ kó tó lè gbé orí sókè wo ẹni tó lù ú, ọkàn mi á ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti ìgbà èwe mi. Òun náà ni mo ń wá kiri títí di òní, ní Àkúrẹ́ níbí àti ní Oǹdó tí mo ti lọ sílé ẹ̀kọ́.

Kò rọrùn láti rí. Nígbà tí à ń háyà kásẹ́ẹ̀tì fídíò, orúkọ méjì péré ni ẹni tó ń fi háyà mọ̀: fíìmù Íńdíà àti fíìmù Ṣáínà. Bí o bá ti ní Ṣáínà lo fẹ́, ó parí, èyí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni o máa gbé lọ sílé. Nígbà tí DVD dé, ọ̀ràn náà tún wá le sí i. Àwo kan ṣoṣo á gbé ogún fíìmù tàbí ọgbọ̀n. Wọ́n á to orí àwọn àkítọ̀ sára páálí rẹ̀, Jackie Chan lápá ọ̀tún, Jet Li lápá òsì, Bruce Lee láàárín pẹ̀lú ojú àpá èékánná láyà. Bí o bá fi àwo náà sẹ́rọ, o lè má rí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lónìí, fúláàṣì la ń lò ní Ọ̀nà Ọ̀dà tí mò ń gbé. Ọmọkùnrin tó ń bá wa da fíìmù sórí rẹ̀ kì í purọ́ fún mi, àmọ́ ohun tí mò ń wá máa ń yà á lẹ́nu.

"Mọ̀mí, tuntun wà ńlẹ̀ o. Wọ́n ń fò nínú ẹ̀, iná ń jáde lọ́wọ́ wọn."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n fò, ọmọ mi. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti jà."

"Háà! Ìyẹn á ti pẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n bá yín wá a."

Ó sì máa ń wá a lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gba púpọ̀ nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí.

Ọ̀dọ̀ Bruce Lee ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. San Francisco ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1940, Hong Kong ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló kú sí ní oṣù Keje 1973, lẹ́ni ọdún 32, kí Enter the Dragon tó jáde pàápàá. Fíìmù ìjà tó ṣe parí kò ju mẹ́rin lọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, The Way of the Dragon ti 1972 ni mo fi ń díwọ̀n àwọn yòókù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun ló sì to ìjà inú rẹ̀. Ẹ rántí ibi tí òun àti Chuck Norris ti pàdé ní Colosseum ní Róòmù. Wọn ò sáré kọlu ara wọn. Olúkúlùkù bọ́ aṣọ, ó na ẹsẹ̀, ó na ọwọ́, ó yí ọrùn, nítorí ara ni wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, Norris ló kọ́kọ́ ń borí. Ó gbé Lee ṣubú, Lee dìde, ó tún gbé e ṣubú. Lee wá yí ọ̀nà ìjà rẹ̀ padà. Kò dúró sójú kan mọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ jó káàkiri, èkejì sì ń wá a tì. Àwa tó ń wò ó rí ibi gan-an tí èrò ti wọ inú ìjà náà. Nígbà tó pa ọkùnrin yẹn tán, ó mú aṣọ rẹ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi bò ó kó tó kúrò níbẹ̀. Kò sí ayọ̀ lójú rẹ̀. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti wo ìjà yẹn, ọ̀wọ̀ tó wà ní ìparí rẹ̀ sì máa ń wọ̀ mí lára ju ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Ikú rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀tàn. Àwọn onífíìmù wá ọkùnrin tó jọ ọ́, wọ́n sọ ọ̀kan ní Bruce Li, wọ́n sọ òmíràn ní Bruce Le, ẹlòmíràn tún ń jẹ́ Dragon Lee. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń wà nínú àwo tí páálí rẹ̀ gbé orí Bruce Lee. Ní 1978, wọ́n mú ìwọ̀nba ìjà tí òun alára ti yà sílẹ̀ kó tó kú, wọ́n fi àwọn ajọra rẹ̀ kún un, wọ́n pe é ní Game of Death. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lẹ àwòrán ojú Bruce Lee mọ́ dígí, kí ó lè dà bíi pé òun ló jókòó síwájú dígí náà. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ dúró dé ìparí, níbi tí ojúlówó rẹ̀ ti jáde nínú aṣọ yẹ́lò, tó bá Kareem Abdul-Jabbar tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ jà. Kò sẹ́ni tó nílò kí a sọ fún un pé òun nìyí. Ó hàn nínú bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Láti ara irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ kámẹ́rà. Bí àkítọ̀ bá mọ ìjà, kámẹ́rà á dúró lókèèrè, á jẹ́ kí a rí i láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì ní kánjú gbójú kúrò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á sún mọ́ ọn débi pé èjìká nìkan lo máa rí. Wọ́n á gé e, wọ́n á tún un gé, ọwọ́ ń fò, orí ń mì, ariwo ń dún, o ò sì ní mọ ẹni tó lu ta. Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Dípò àwòrán 24 tí kámẹ́rà sinimá máa ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n lè ya 22 tàbí 20, kí ìjà lè yára ju bí wọ́n ṣe jà á lọ nígbà tí wọ́n bá gbé e síta. Àwọn ọ̀gá Hong Kong náà lò ó. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, torí pé bí o bá fà á padà sí bó ṣe yẹ, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì mọ ohun tó ń ṣe.

Kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n máa lu ara wọn pa. Ojúlówó ìjà kì í pẹ́. Ẹni tó bá ti wo dambe àwọn Hausa rí mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi aṣọ àti okùn di ọwọ́ kan tí wọ́n ó fi lu ni, wọ́n á na èkejì síwájú láti fi gba ẹ̀ṣẹ́, bí ẹnì kan bá sì ti ṣubú, wọ́n á ní wọ́n ti pa á. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Ìjà gígùn tí à ń wò nínú fíìmù, wọ́n ti jọ sọ ọ́ ṣáájú ni, bí oníbàtá àti oníjó ṣe jọ máa ń mọ ibi tí ìlù ń lọ. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ara tó ń jó o jẹ́ ara ẹni tó kọ́ ọ. Kí ó rẹ̀ ẹ́. Kí nǹkan dùn ún. Kí ilẹ̀ tó bá ṣubú lé le.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn The 36th Chamber of Shaolin tí ilé iṣẹ́ Shaw Brothers gbé jáde ní 1978. Lau Kar-leung tó darí rẹ̀ jogún ìjà ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, Lam Sai-wing ló kọ́ bàbá rẹ̀, Wong Fei-hung tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe fíìmù láìmọye ló sì kọ́ Lam Sai-wing. Gordon Liu ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó sá wọ ilé àwọn mọ́ǹkì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà. Fíìmù mìíràn á fi orin kan bo ẹ̀kọ́ yẹn mọ́lẹ̀ kó lè tètè débi ẹ̀jẹ̀. Èyí fi apá tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà ṣe é. Ọmọkùnrin náà ń gbé omi, ó na apá méjèèjì síta, wọ́n sì de ọ̀bẹ mọ́ ọn lápá, tó jẹ́ pé bó bá ti rẹ̀ ẹ́ tó sọ apá kalẹ̀, ọ̀bẹ á gún un nínú ìhà. Nígbà tó wá jà lẹ́yìn ìyẹn, mò ń rí gbogbo omi tó gbé nínú èjìká rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀, àwọn tí àwọn ọkùnrin kì í rántí dárúkọ. Oníjó ni Cheng Pei-pei kó tó mú idà nínú Come Drink with Me ní 1966. Oníjó báléẹ̀ ni Michelle Yeoh, ọmọ Malaysia, kó tó di ẹni tó gun alùpùpù fò sórí ọkọ̀ ojú irin nínú Police Story 3 ní 1992. Àwọn méjèèjì ti mọ bí a ṣe ń gbé ìwúwo ara láti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì kí wọ́n tó kọ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ́ kankan. Àwa tí a ti wo ọmọbìnrin jó bàtá rí kò gbọdọ̀ ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ Jackie Chan ni kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ tán. Nínú Police Story ti 1985, ó bẹ́ mọ́ òpó kan tí wọ́n fi iná mànàmáná yí ká nínú ilé ìtajà ńlá, ó yọ̀ bọ̀rọ́ wá sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì jóná. Nígbà tí wọ́n ń ya Armour of God ní Yugoslavia, ó bọ́ láti orí igi, agbárí rẹ̀ fọ́, wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Òun ló ń fi àṣìṣe àti ìpalára wọn hàn wá ní ìparí fíìmù, nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá, tí à ń rí àwọn tí wọ́n ń gbé jáde. Ṣé dandan ni kí agbárí ẹnì kan fọ́ kí èmi lè gbádùn ìrọ̀lẹ́ Sátidé? Rárá o. Bí wọ́n bá so okùn mọ́ ènìyàn nídìí kó má baà kú, tí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà pa okùn náà rẹ́ kúrò nínú àwòrán, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ènìyàn tí wọ́n pa rẹ́ pọ̀ mọ́ okùn náà ni mi ò lè fara mọ́.

Ó sì yẹ kí n sọ pé ọwọ́ kan náà ló ń to ìjà orí ilẹ̀ àti ìjà fífò nígbà mìíràn. Yuen Woo-ping tó darí Drunken Master ní 1978, níbi tí a ti rí Jackie Chan tó ń làágùn bó ṣe lóṣòó bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, òun náà ló to ìjà The Matrix ní 1999 àti Crouching Tiger, Hidden Dragon ní 2000, níbi tí wáyà ti gbé wọn rìn lórí ewé oparun. Crouching Tiger lẹ́wà, mi ò jiyàn. Mo sunkún níbẹ̀. Àmọ́ nítorí ìfẹ́ inú rẹ̀ ni mo ṣe sunkún, kì í ṣe nítorí ìjà. Àwọn tó wá tẹ̀ lé e ló da wàhálà sílẹ̀: wọ́n mú wáyà, wọ́n fi ìfẹ́ sílẹ̀.

Mo ti ń rò pé irú ìjà tí mo fẹ́ràn ti tán nígbà tí Thailand gbé Ong-Bak jáde ní 2003. Ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni pé kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Tony Jaa ló ṣe é, ọmọ àwọn tó ń sin erin ní Surin. Panna Rittikrai tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló to ìjà rẹ̀, ìjà Muay Thai tí wọ́n ti máa ń fi ìgúnpá àti orúnkún jà. Bí Tony Jaa bá fo ohun kan tó ṣòro fò, wọ́n á tún un fi hàn láti ìhà mìíràn, kí ó lè dá wa lójú. Ọ̀kan nínú àwọn tí fíìmù yẹn wọ̀ lára ni Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989, tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí New Zealand ní kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé Ong-Bak ló sún òun dé ìdí ìjà ẹ̀ṣẹ́ òun ìpá nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní oṣù Kẹwàá 2019, ó na Robert Whittaker ní Melbourne, ó sì di olóyè UFC ní ìwọ̀n àárín. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló rí fíìmù tí ènìyàn ti ń fò lójú ọ̀run, tó wá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ni ní fífò? Bí ara ènìyàn bá ṣiṣẹ́ nínú fíìmù, ó máa ń pe ara ẹlòmíràn sí iṣẹ́.

Bákan náà ló rí fún The Raid, tí wọ́n yà ní Indonesia ní 2011. Gareth Evans, ará Wales, ló darí rẹ̀. Awakọ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni Iko Uwais kí Evans tó rí i níbi tó ti ń kọ́ silat, ìjà ìbílẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù fún mi, mo máa ń bojú níbì kan. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé wọn ò lọ yá ìjà Ṣáínà lò. Wọ́n mú èyí tí àwọn àgbà wọn ń jà, wọ́n sì gbé ọmọ tó kọ́ ọ síwájú kámẹ́rà.

Àwa náà ní tiwa. Mo bá bàbá kan tó ja ìjàkadì nígbà èwe rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ọ̀dà, mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ máa ń wò lára ẹni tí ẹ bá fẹ́ dá?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọwọ́ lẹ máa ń wò. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn, ó kù kó délẹ̀ ni." Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń fò nínú fíìmù gbọ́ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ti àtijọ́ ni ìjàkadì. Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n ti bí Ọdúnayọ̀ Adékúoróyè ní 1993. Ó gba góòlù ìjàkadì ní Ìdíje Commonwealth ní Glasgow ní 2014, ó tún un gbà ní Gold Coast ní 2018, ó tún un gbà ní Birmingham ní 2022, ó sì gba fàdákà nínú ìdíje àgbáyé ní Paris ní 2017. Ẹ wo bó ṣe máa ń wọlé sí ẹni tó ń bá a jà nídìí ẹsẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn onífíìmù wa ò tíì ya ohun tó dà bí ìyẹn rí.

Ẹnì kan lè ní ṣé èmi tí mo dàgbà nídìí Àrélù ló wá ń bá idán jà. Ó yẹ kí n dáhùn. Ní àwọn ọdún 1980, bí Àrélù bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Jimoh Aliu tí a mọ̀ sí Àwòrò ló gbé e kalẹ̀, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà kí wọ́n tó ya Èkìtì sọ́tọ̀ ní 1996. Fádéyì Olóró wà níbẹ̀, Òrìṣàbùnmi wà níbẹ̀. Oògùn ni wọ́n fi ń jà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni à ń wò gan-an? Ẹnu ni. Ọkùnrin kan á dúró, á na ìrùkẹ̀rẹ̀, á pe ọfọ̀ síta láì kọsẹ̀, èémí kan á gbé ìlà gígùn, ojú rẹ̀ á le, ohùn rẹ̀ á máa gòkè. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wà lójú wa kedere, ó ń fi ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, ní tèmi, ìjà ọfọ̀ àwọn Fádéyì sún mọ́ ìjà Bruce Lee ju ọ̀pọ̀ fíìmù Ṣáínà ayé òde òní lọ. Bí iná tí kọ̀ǹpútà yà bá ti ń jáde lẹ́nu babaláwo inú fíìmù, kò tún sí ìdí tí òṣèré náà á fi kọ́ ọfọ̀ dáadáa mọ́, ohun tí a sì ń pàdánù lójú ara wa nìyẹn.

Ní oṣù Kẹjọ 2023, Jagun Jagun jáde lórí Netflix. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló gbé e jáde, òun náà wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lógun, Lateef Adédiméjì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lọ kọ́ ọ. Inú mi dùn sí fíìmù yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí pé kí ẹnì kan ya ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ ogun, tí wọ́n ń ṣubú nínú iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n ń dìde. Níbẹ̀ ni ọkàn mi dúró sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn bá le tán, idán á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn níbi tí mo ti fẹ́ kí ara wọn parí rẹ̀. Owó tó wọlé sí sinimá Yorùbá báyìí pọ̀ ju ti ìgbà Àwòrò lọ, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀ǹpútà lọ.

Ní 2005, nínú Tom-Yum-Goong, Tony Jaa gun àtẹ̀gùn ilé oúnjẹ kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń ja ìjà lọ, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin láì gé e rárá. A lè ṣe tiwa nínú àgbàlá kan ní Àkúrẹ́. Kò gba àtẹ̀gùn. Àwọn tó mọ ìjàkadì wà nílùú yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ń dánra wò ní pápá ìṣeré, kò sí onífíìmù tó wá wò wọ́n. Kí olùdarí kan mú méjì nínú wọn, kí ó san owó oṣù mélòó kan fún wọn láti fi kọ́ ìjà náà papọ̀, kí ó gbé kámẹ́rà sí òkèèrè, kí ó sì má gé e títí ẹ̀yìn ẹnì kan á fi kan ilẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi ti wà nílẹ̀, ọmọkùnrin onífúláàṣì Ọ̀nà Ọ̀dà ni mo sì máa kọ́kọ́ mú dání.